Iná 1922 Kò Jó Gbogbo Ìwé Ireland Tán

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Lóṣù yìí, a ya abala yìí sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń wá ìdílé ní Ireland: àwọn tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, àwọn tí ìyá tàbí bàbá wọn àgbà ti ibẹ̀ wá, àti àwọn tí bàbá wọn lọ kàwé ní Dublin tó sì bímọ síbẹ̀. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀.

PATRICK MURPHY, ARÁ CORK

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìyàwó mi fẹ́ mọ ìdílé bàbá wọn àgbà tó ti Ireland wá sí Liverpool ṣáájú ọdún 1900. Patrick Murphy lorúkọ bàbá náà, a sì gbọ́ pé Cork ni wọ́n ti wá. Mo wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn Patrick Murphy tó jáde kò ṣeé kà tán. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?
Àna Murphy, Manchester

Ẹ má tíì wọ Ireland rárá, Àna wa. Nígbà tí Robert Matheson ti ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ka orúkọ ìdílé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ireland lọ́dún 1890, Murphy ló ṣíwájú gbogbo wọn. Cork náà ló tóbi jù nínú àwọn káúńtì. Orúkọ kan àti káúńtì kan kò tíì tó ohun tí a lè fi wá ènìyàn níbẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni townland tí bàbá náà ti wá, àti orúkọ àwọn tó yí i ká.

Káúńtì 32 ló wà ní erékùṣù náà. Wọ́n pín káúńtì sí barony, wọ́n pín barony sí páríìṣì ìjọba tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 2,500, abẹ́ páríìṣì ni townland wà, ìyẹn sì lé ní 60,000. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọmọ Ìjẹ̀bú lòun, ẹ ó bi í pé ìlú wo, agbo ilé wo. Townland ni agbo ilé tiwọn. Orí rẹ̀ ni wọ́n to ìwé owó ilẹ̀ àti ìwé ìkànìyàn lé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kàn ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri lókùnkùn ni.

Ibi tí bàbá náà kú sí lẹ ti máa rí orúkọ townland yìí, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí. Ìwé ìgbéyàwó ti ìjọba ní England máa fún yín ní orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ béèrè fún ìwé ìjọ Àgùdà tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, torí àlùfáà máa ń kọ orúkọ òbí méjèèjì sílẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì lè kọ páríìṣì tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo òkúta ibojì, ìkéde ikú nínú ìwé ìròyìn, ìwé iṣẹ́ ológun, àti ẹ̀yìn àpòòwé lẹ́tà àtijọ́. Ìwé ìkànìyàn ti England kì í sábà kọ ju "Ireland" lásán lọ níwájú orúkọ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ̀. Ẹ tọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó, bàbá ìsàmì, ìyá ìsàmì, àti ará ilé kan náà. Akọ̀wé lè kọ "Ireland" fún Patrick, kó sì kọ townland gan-an fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn òǹkàwé wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní ohun méjì tí àwọn ará Liverpool kò ní: ìwé àwọn tó fowó pamọ́ sí Emigrant Savings Bank ní New York láti 1850, tó máa ń sọ ibi tí wọ́n bí ẹni náà sí àti orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀, àti ìkéde "ẹni tó sọnù" tí ìwé ìròyìn The Pilot ní Boston tẹ̀ jáde láti 1831 títí di 1921.

Bí ẹ bá ti rí orúkọ ibi náà, ẹ má retí pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló máa rí. Ẹnu ẹni tó ń sọ èdè Irish ni akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ. Ẹ pè é sókè, kí ẹ sì wá gbogbo ọ̀nà tí ìró náà lè gbà kọ lórí logainm.ie, tí í ṣe ibi ìkójọ orúkọ àwọn ìlú. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó pọ̀: Kilmore wà ní káúńtì tó ju ọ̀kan lọ dáadáa. Ẹ máa kọ townland, páríìṣì àti barony papọ̀ nígbà gbogbo.

Ìgbà náà lẹ tó lè lọ sórí irishgenealogy.ie. Ọ̀fẹ́ ni, àwòrán ìwé gan-an ló sì wà níbẹ̀: ìbí tó ti lé ní 100 ọdún, ìgbéyàwó tó ti lé ní 75, ikú tó ti lé ní 50. Ìwé ìbí ní orúkọ ìdílé ìyá kó tó wọlé ọkọ, òun lẹ ó sì fi wá wọn. Bí ìyá Patrick bá jẹ́ Murphy tó fẹ́ Murphy, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Twohig, ẹ wá gbogbo ọmọ tí Murphy àti Twohig bí, iye wọn á dín kù lójú ẹsẹ̀. Páríìṣì ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń ṣègbéyàwó sí. Ẹ má fi ọ̀dọ̀ ọkọ nìkan ṣe ibùdó. Ìwé ikú ti ìgbà yẹn kì í kọ orúkọ òbí, nítorí náà ẹ má ra á pẹ̀lú ìrètí yẹn.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI PÉ GBOGBO RẸ̀ JÓNÁ?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ìyá ọkọ mi ní òun jáwọ́ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, pé wọ́n sọ fún òun pé ogun abẹ́lé jó gbogbo ìwé Ireland, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Ìyá Ìbejì, Houston

Rárá, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 30 oṣù June 1922, níbẹ̀rẹ̀ ogun abẹ́lé, ìbúgbàù àti iná ba Four Courts, ilé ẹjọ́ ńlá, jẹ́ ní Dublin, ibẹ̀ sì ni Public Record Office, ilé ìkówèépamọ́ ìjọba, wà. Ìwé ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 jóná, àfi àjákù díẹ̀. Wíìlì àtijọ́ jóná. Ju ìdajì ìwé ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú Church of Ireland, ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀, lọ ló jóná, torí ìjọba ti ní kí wọ́n kó wọn síbẹ̀. Àwọn páríìṣì tó ní ibi ìpamọ́ tó dára, tàbí tó ti ṣe àdàkọ, rí tiwọn gbà là.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ló jẹ gbogbo ẹ̀bi. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n run ìwé ìkànìyàn 1861 àti 1871 láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n di bébà tuntun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ti 1901 àti 1911 ló kọ́kọ́ ṣẹ́ kù lódindi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí ìkànnì National Archives. Wọn kò kà ní 1921 nítorí ogun òmìnira. Wọ́n kà ní ọjọ́ 18 April 1926, òfin sì fi ìyẹn pamọ́ fún 100 ọdún, èyí tó pé ní April 2026.

Wàyí o, àwọn ìwé tí kò sí nínú ilé yẹn rárá nígbà tó ń jó: ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ti ìjọba, tó bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní January 1864, àti fún ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Àgùdà ní April 1845, ìwé ìjọ Àgùdà, tó wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà, àti Registry of Deeds, tó ń gba ìwé ilẹ̀ láti 1708 (Àgùdà kò pọ̀ níbẹ̀ títí di òpin ọ̀rúndún náà, torí òfin dí wọn lọ́wọ́ lórí ilẹ̀). Ìdíyelé ilẹ̀ tí Richard Griffith ṣe náà yè.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ti Griffith yìí, nítorí òun ló rọ́pò ìkànìyàn tó jóná. Láàárín 1847 àti 1864, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní káúńtì kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú orúkọ olórí ilé tàbí ẹni tó di ilẹ̀ mú, orúkọ ẹni tó fi ilẹ̀ náà háyà fún un, bí ilẹ̀ náà ti tóbi tó àti iye tó tó. Ọ̀fẹ́ ni lórí askaboutireland.ie. Ẹ wo nọ́ńbà máàpù tó wà lápá òsì. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wà lábẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú a, b, c kéékèèké, ilé mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan ni wọ́n, wọ́n sì lè jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ẹ bá rí "John Ryan" tí wọ́n fi "Michael" sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé Michael ni bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ya John Ryan méjì ní townland kan sọ́tọ̀ ni. Ìyẹn jẹ́ ìran kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbùkù rẹ̀ kò ṣeé bò: ìyàwó àti ọmọ kò sí níbẹ̀, ẹni tí ìyàn ńlá ọdún 1845 sí 1852 pa tàbí lé kúrò kí wọ́n tó dé àdúgbò rẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún ìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn sí ìwé owó ìdámẹ́wàá ti 1823 sí 1837, Tithe Applotment Books. Àwọn àgbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò kan ará ìlú ńlá, kò sì kan ẹni tí kò nílẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò ni ìwé àtúnṣe tó tẹ̀ lé ti Griffith. Ìjọba ò tẹ ìdíyelé tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ń padà lọ, wọ́n ń fagi lé orúkọ àtijọ́, wọ́n ń kọ tuntun sókè rẹ̀, àwọ̀ tádàwà kan fún ọdún kan. Bí Patrick bá di Mary lọ́dún 1883, ó ṣeé ṣe kí Patrick ti kú ní ọdún yẹn tàbí ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, nítorí àtúnṣe máa ń pẹ́. Ẹ wá ìwé ikú rẹ̀ láàárín 1878 sí 1883. Bí orúkọ bá ń lọ tààrà láti Griffith títí dé ìwé ìkànìyàn 1901 nínú ilé kan náà, ẹ ti so ọ̀rúndún náà pọ̀. Ti Gúúsù wà ní Dublin lọ́wọ́ Tailte Éireann, tó gba iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìdíyelé ní 2023. Ti káúńtì mẹ́fà Àríwá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì PRONI, ilé ìkówèépamọ́ ìjọba Àríwá Ireland ní Belfast, láti 1864 dé 1933.

Ní June 2022, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn iná náà, wọ́n ṣí Virtual Record Treasury, níbi tí wọ́n ti ń kó àdàkọ àwọn ìwé tó jóná jọ láti ibi ìkówèépamọ́ mìíràn. Ẹ fi orúkọ townland wá a, kì í ṣe orúkọ ìdílé nìkan.

ỌJỌ́ ORÍ TÓ Ń FÒ

Ìwé 1901 ní ìyá àgbà jẹ́ ẹni ọdún 54. Ìwé 1911 ní wọ́n jẹ́ ẹni 70. Ilé kan náà, ọkọ kan náà, ọmọ kan náà. Ṣé wọ́n pààrọ̀ wọn ni?
Ọmọlójú, Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá kan náà ni. Òfin owó ìfẹ̀yìntì arúgbó ti 1908 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní January 1909: ṣílè 5 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó bá pé 70. Ẹni tó pé 70 nígbà yẹn kò lè ní ìwé ìbí ìjọba, torí 1864 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ ọjọ́ orí wọn gan-an. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n, wọ́n bù sí i.

Èrè tiwa níbẹ̀ ni pé láti fi mọ òótọ́, wọ́n ń ran akọ̀wé lọ yẹ ìwé ìkànìyàn 1841 àti 1851 wò, tí iná kò tíì jó nígbà náà. Fọ́ọ̀mù ìwádìí wọ̀nyẹn yè, wọ́n wà lórí ìkànnì National Archives. Ẹ ó rí orúkọ òbí, townland, àti nígbà mìíràn orúkọ gbogbo ọmọ inú ilé bí wọ́n ti wà ní 1851. Bí ìyá yín bá béèrè owó yìí, ẹ wá orúkọ bàbá àti ìyá wọn níbẹ̀.

Nínú ìwé 1911, ẹ kọjú sí apá ibi tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ abilékọ pé ọdún mélòó ló ti wà nílé ọkọ, ọmọ mélòó ló bí láàyè, mélòó ló ṣẹ́ kù. Ọdún ìgbéyàwó máa ń ṣeé gbára lé ju ọjọ́ orí lọ. Bó bá kọ ọdún 35, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwá ìgbéyàwó láti 1876, ẹ fi ọdún mẹ́ta kún un síwájú àti sẹ́yìn. Bí ọmọ mẹ́sàn-án bá wà, tí ẹ sì mọ mẹ́fà péré, ẹ lọ wá mẹ́ta.

Ohun kan sì tún wà: owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òbí tó pẹ́ máa ń sún ọjọ́ ìbí síwájú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ tí wọ́n sàmì fún kí wọ́n tó bí i, ti àlùfáà ni kí ẹ gbà.

ÀLÙFÁÀ TÓ Ń KỌ LÁTÌN, ÌWÉ TÓ DÉ Ọ̀DỌ̀ ÁDÁMÙ

Ẹ jọ̀ọ́, Kerry ni ìyàwó mi ti wá, Ìbàdàn la wà. Ìwé ìjọ tí a rí jẹ́ Látìn, ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ sì burú. Ẹnì kan wá fún wa ní ìwé O'Hart tó to ìdílé rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Ádámù. Èwo la lè gbà gbọ́?
Olùkọ́ Àgbà, Ìbàdàn

Ẹ fi ti Ádámù sílẹ̀ ná, Olùkọ́. John O'Hart tẹ ìwé Irish Pedigrees rẹ̀ jáde ní 1876, ohun tí àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ to jọ fún àwọn ọba ló tún tò. Orúkọ ìdílé kan náà kò sọ ènìyàn di ọmọ ọba náà. Ẹ má fi í kún igi ìdílé yín níbi tí ìwé ìjọ ti dáwọ́ dúró.

Àwọn ìwé mìíràn wúlò. Ìwé Samuel Lewis ti 1837, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Topographical Dictionary, to gbogbo páríìṣì ìjọba, ó sì sọ páríìṣì Àgùdà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó nílò rẹ̀, torí ààlà páríìṣì ìjọba àti ti Àgùdà kò bára mu, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ka ìwé ìjọ tí kì í ṣe tiwọn. Bí ìdílé náà bá ní ohun ìní, ìwé atọ́ka wíìlì tí Arthur Vicars ṣe ní 1897 kárí 1536 sí 1810. Wíìlì náà jóná, atọ́ka kò jóná.

Ìwé ìjọ Àgùdà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí registers.nli.ie ti National Library láti 2015, púpọ̀ nínú rẹ̀ dé 1880. Àwòrán ni, ẹ kò lè tẹ orúkọ sí i. Páríìṣì àti oṣù lẹ ó fi ṣí i. Ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ọ̀pọ̀ páríìṣì kò ní ohunkóhun ṣáájú nǹkan bí 1820.

Látìn rẹ̀ kò le. Jacobus ni James, Gulielmus ni William, Joannes ni John, Honora ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Nora nílé. Bí ẹ bá rí "cons." àti nọ́ńbà níbi ìgbéyàwó, àlùfáà gba àṣẹ nítorí pé tọkọtaya jẹ́ ìbátan: 2 ni pé wọ́n ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan náà, 3 ni pé ìran tó ṣáájú ìyẹn ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí ìwé kankan kò ní sọ irú èyí fún yín mọ́. Bí ọwọ́ àlùfáà bá le kà, ẹ ka ojú ewé mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀ kí ẹ mọ bó ṣe ń kọ B àti R rẹ̀.

Ẹ yọ O' àti Mac kúrò nígbà tí ẹ bá ń wá. Àwọn tó jẹ́ Sullivan ní 1860 lè di O'Sullivan ní 1911.

BÀBÁ MI ỌMỌ NÀÌJÍRÍÀ, ÌYÁ MI ỌMỌ IRELAND

Wọ́n bí mi ní Dublin ní 1964. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ni bàbá mi. Wọ́n fi mí fún ẹlòmíràn tọ́. Mi ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.
Ẹni Tó Ń Wá Ilé, Birmingham

Ẹ kú ìfaradà. Láti ọjọ́ 3 October 2022, òfin Birth Information and Tracing Act fún ẹni tó ti pé ọdún 16 ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìbí rẹ̀ lódindi àti àkọsílẹ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí Adoption Authority of Ireland, àjọ tó ń bójú tó gbígba ọmọ tọ́, tàbí Tusla, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọmọ àti ìdílé. Wọn kì í gbowó. Bí ìyá bá ti sọ pé òun kò fẹ́ kí a kàn sí òun, wọ́n á kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní torí ìyẹn dá ìwé yín dúró. Bí wọ́n bá ní kò sí ìwé gbígbà ọmọ tọ́, ẹ béèrè fún ìwé ilé ìtọ́jú tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ àti ti ìsàmì yín.

Orúkọ bàbá kì í sábà sí lórí ìwé ìbí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ṣègbéyàwó. Ẹ ka fáìlì náà fínnífínní: iṣẹ́ tí ó ń kọ́, ọjọ́ orí, ìlú tó ti wá. Orúkọ Yorùbá tí akọ̀wé Dublin kọ lè ṣáko lọ jìnnà, kò ní àmì, H lè sọnù, S lè dúró fún Ṣ. Ẹ tún rántí pé orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀ ló lè máa jẹ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé á sì máa jẹ́ òmíràn. Fún apá yìí, àyẹ̀wò DNA ló yá jù. Àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀, kì í ṣe àwọn tó wà nílé. Ẹ béèrè ìlú bàbá wọn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

PÁSÍPỌ́Ọ̀TÙ ŃKỌ́?

Galway ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí. Ṣé mo lè di ọmọ Ireland?
Adéwálé, Leeds

Bẹ́ẹ̀ ni, nípasẹ̀ Foreign Births Register, bí ẹ bá fi ìwé ìbí àti ìgbéyàwó so ìyá àgbà, ìyá yín àti ẹ̀yin pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá forúkọ yín sílẹ̀ lẹ di ọmọ ibẹ̀, ọmọ tí ẹ bá sì ti bí ṣáájú ọjọ́ yẹn kò ní bá a lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbèrò ọmọ, ẹ tètè ṣe é.

Àwòrán ọ̀fẹ́ tí a sọ lókè kò tó fún èyí. Ojúlówó ìwé láti General Register Office ni wọ́n ń gbà. Ibi tó sì sábà máa ń dí ìwé lọ́wọ́ ni orúkọ. Bridget tí wọ́n bí ní Galway lè di Delia nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ní Leeds, kó di Bridie nínú ìwé ikú. Ẹ kọ lẹ́tà kan tó ṣàlàyé pé ẹnì kan náà ni, kí ẹ sì fi ìwé tí orúkọ bàbá rẹ̀ ti bára mu tì í lẹ́yìn, kí wọ́n tó bi yín.